Ta Ló Ṣí Ilẹ̀kùn Bákónì?

Bí ẹ bá fẹ́ bá mi ṣọ̀rẹ́, ẹ má pè mí jókòó sí bákónì. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù òkè o. Ọmọ Ìlobù ni mí, mo ti ń gun igi ìyeyè kí n tó mọ ìwé kà. Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ lórí bákónì òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú òyìnbó. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí dòní. Ní Ìlobù àti ní Ìfọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹbí wa kan tí kò tíì gbọ́ ọ, àmọ́ ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Télọ̀ ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo, mo ní oníbàárà, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó mú mi lọ síbì kankan. Àbúrò ìyá mi tó kéré jù, Àǹtí Ṣadé, ló ránṣẹ́ sí mi. Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó ti bí ọmọkùnrin kan, Káyọ̀, ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì rí ẹni bá a wo ọmọ. Ó ní kí n wá, pé bí ọmọ bá ti wọ ilé ìwé, òun á ra máṣíìnì fún mi, màá máa ránṣọ lọ́hùn-ún. Ìyá mi ló rọ̀ mí jù. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni Ṣadé," ni wọ́n wí. "Ọ̀dọ̀ àjèjì kọ́ lò ń lọ." Mo ta máṣíìnì mi, mo lọ.

Ẹ má bínú bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń sọ pé "ó" fún Àǹtí Ṣadé, nígbà tó jẹ́ pé "wọ́n" ló yẹ kí n sọ. Mo ti sọ "wọ́n" fún un tó.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi, ọmọ Ìlobù ni bàbá mi. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa á ti mi orí báyìí. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn ín, ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí nǹkan bá rọ̀, a jọ ń ṣe ìyàwó, a jọ ń sìnkú. Bó bá le, ìyá mi á jókòó sínú yàrá wọn, wọ́n á máa gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé ọkọ ń sọ nípa àwọn ará ilé bàbá wọn, wọn ò ní fèsì. Obìnrin tó mọ bí a ṣe ń dákẹ́ ni ìyá mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń yìn wọ́n fún un.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Òtútù, èèyàn á wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Dídákẹ́ wọn ló bà mí lẹ́rù. Ní agboolé wa, bí ọmọ bá ń rá lọ sídìí iná, gbogbo èèyàn ni yóò ké "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá ọmọ lè má sí nílé pàápàá. Ìyàwó ilé kan á gbé e, ẹlòmíràn á fún un lómi, ìyá àgbà kan á bú ìyá rẹ̀ títí táá fi dé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti àárọ̀ títí dìgbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ojú tèmi nìkan ló wà lára Káyọ̀. Bí mo bá ṣẹ́jú, kò sí ojú mìíràn. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò gbọ́dọ̀ sùn rárá.

Ọkùnrin òyìnbó kan ń gbé ní òdìkejì wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo pàdé rẹ̀ níbi àtẹ̀gùn, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ilẹ̀. Ó rò pé nǹkan mi ló bọ́, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a! Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí Ṣadé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọn kì í kúnlẹ̀ fún ara wọn níbí," ló wí. "Òyìnbó tó bá rí ẹ lórí ìkúnlẹ̀ á rò pé o jalè ni. Àmọ́ èmi, máa kúnlẹ̀ fún mi o. Èmi kì í ṣe òyìnbó."

Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sọ́kàn, torí òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbé ẹ̀.

Mo fẹ́ràn Káyọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, eegun rẹ̀ kì í jókòó. Ohun tó bá ga ló ń wù ú: àga, tábìlì, orí bẹ́ẹ̀dì, èjìká bàbá rẹ̀. Mo kọ́ ọ láti máa kí èèyàn, ó sì ń kí ológbò òyìnbó ilé kejì pé "Ẹ kú àárọ̀, sà." Bí ó bá ń ṣàárẹ̀, mo máa ń fi ọ̀já pọ̀n ọ́n kiri inú ilé, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, á sùn. Èmi tí mi ò tíì bímọ nígbà náà, ẹ̀yìn mi ti mọ ọmọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń pe ilé. Fóònù ò sí ní Ìlobù lọ́dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Òṣogbo tí wọ́n ti ń báni gba ìpè, ìyá mi á wọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó dè mí. Èmi á wà nínú àgọ́ fóònù lẹ́bàá títì, òtútù á máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Ṣé Ṣadé ń tọ́jú ẹ?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi, mà."

Ká tó sọ̀rọ̀ gidi, káàdì á ti tán. Màá dúró díẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí bí ẹni tí ń gbọ́ nǹkan, torí bí mo bá jáde báyìí, kò tún sí ẹni tí màá bá sọ Yorùbá títí ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tó di àsìkò oòrùn wọn, Àǹtí Ṣadé ní a fẹ́ lọ sinmi létí òkun. Ọkọ rẹ̀, tí mo ń pè ní Dádì Káyọ̀, ò lè tètè kúrò níbi iṣẹ́, ó ní òun á bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Inú mi dùn. Mo rán aṣọ tuntun fún Káyọ̀, ọwọ́ ni mo fi rán an torí kò sí máṣíìnì.

Àjà kẹrin ni wọ́n fún wa ní yàrá. Ní kété tí a wọlé, Káyọ̀ sáré gba ilẹ̀kùn gíláàsì, ó jáde sí bákónì. Mo sáré tẹ̀lé e. Mo wo irin rẹ̀, kò ga ju àyà mi lọ. Mo wo ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ sìmẹ́ńtì, àwọn tí ń jẹun nísàlẹ̀ kéré bí èrà. Àga méjì àti tábìlì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tò mọ́ irin náà gan-an. Ta ló ń to àga síbẹ̀? Ẹni tí kò tọ́mọ rí.

Bàbá tó bí ìyá mi ní ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìfọ́n, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ ìyá mi àti Àǹtí Ṣadé, èmi náà sì gbé ibẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Òfin ìyá àgbà tó bí ìyá mi ni pé àpótí kan ò gbọ́dọ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ tán, kó gbé àpótí rẹ̀ wọlé. "Ọmọ ò ní ìyẹ́ bí ẹyẹ," ni wọ́n máa ń wí. Bí kò bá sì sí àgbà lókè, wọ́n á fi ọ̀já so ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pa, wọ́n á ta á ní kókó lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó. Kò sí ọmọ ilé yẹn tí kò mọ kókó ọ̀já ìyá àgbà.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n fún wa ní yàrá ìsàlẹ̀."

"Kí ni mo wá ṣe létí òkun bí mi ò bá ní rí òkun?"

"Ìkọ́ ilẹ̀kùn yìí ò dáa, mà. Ẹ wò ó, ó ń já fúnra ẹ̀."

"Ìwọ náà, máa wo ọmọ. Ṣebí ìdí tí o fi wà níbí nìyẹn."

Kò burú. Mo gbé àga méjèèjì wọlé, mo gbé tábìlì wọlé. Ilẹ̀kùn náà aláwẹ́ méjì ni, mo fi ọ̀já mi so ọwọ́ wọn pọ̀ lókè, mo ta kókó ìyá àgbà. Àǹtí Ṣadé rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ará Ìlobù! Àwọn tó ń tún yàrá ṣe á ní ewúrẹ́ la fẹ́ so síbí."

"Kí wọ́n máa wí, mà," mo dáhùn. Ó fi í sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ jókòó síta, èmi ni mò ń tú u, èmi ni mò ń jókòó tì í pẹ̀lú Káyọ̀ lórí itan mi, èmi ni mò ń gbé àga wọlé tí mò ń so ó padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Dádì Káyọ̀ fẹ́ dé, Àǹtí Ṣadé rán mi nísàlẹ̀ pé kí n lọ gba mílíìkì gbígbóná fún ọmọ. Káyọ̀ ń sùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, torí kì í jẹ́ ká bọ́ ọ. Ilẹ̀kùn bákónì wà ní síso, àga wà nínú ilé. Mo fi ojú ara mi wò ó kí n tó jáde. Nísàlẹ̀, wọ́n ní kí n dúró díẹ̀, mo dúró. Nígbà tí mo padà gun òkè, tí mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá, atẹ́gùn òkun ló kọ́kọ́ fẹ́ lù mí.

Ọ̀já mi wà nílẹ̀. Ilẹ̀kùn bákónì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àga kan wà níta, ó fara ti irin, ife tíì Àǹtí Ṣadé wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káyọ̀ ló dúró lórí àga yẹn. Ó ti gbé ikùn lé irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrò lórí àga, ó ń wo ìsàlẹ̀, ó ń pe ajá kan. Mo ń gbọ́ tí omi ń dà nínú balùwẹ̀, tí Àǹtí Ṣadé ń kọrin.

Igbe dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Bí mo bá ké, ọmọ á ta gìrì, á sì lọ. Mo gbé mílíìkì kalẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn, mi ò mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú níkùn, mo fà á sẹ́yìn, àwa méjèèjì ṣubú lulẹ̀ gbì. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, ó sì lọ sísàlẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan figbe ta láàárín àwọn tí ń jẹun.

Àǹtí Ṣadé sáré jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì láyà. Ó rí wa nílẹ̀, ó rí àga, ó lóye. Ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi.

"Ó ń sùn," ló ń wí. "Ó ń sùn ni, mo jókòó díẹ̀ kí n fẹ́ atẹ́gùn. Mo ní kí n wẹ̀ kí Dádì ẹ̀ tó dé. Ó ń sùn ni o, Olúwa mi, ó ń sùn ni."

Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Ẹ dákẹ́, mà. Ọlọ́run ti yọ wá." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sunkún nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ni, obìnrin òyìnbó kan tó ga, ó mú bàtà Káyọ̀ lọ́wọ́. Ó rí ilẹ̀kùn, ó rí àga. Ó béèrè ẹni tó wà pẹ̀lú ọmọ. Ó béèrè ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn bákónì. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìyá ọmọ ni kò mójú tó o, òun ní láti pe àwọn ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà nílùú òyìnbó ló mọ àwọn yẹn. Wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni, wọ́n á sì gbé e fún àjèjì tọ́.

Mo rí ojú Àǹtí Ṣadé. Mo rí ìgbà tí nǹkan yí padà nínú rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó fi Yorùbá jágbe mọ́ mi.

"Kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí o bẹ̀ mí! Ṣé o fẹ́ pa mí lọ́mọ ni?"

Mo kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ọmọ Yorùbá ni yín, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá ń bínú, ọmọdé á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Kì í ṣe pé o jẹ̀bi. Inú tó ń bí i lò ń bẹ̀. Tó bá rọlẹ̀ tán, wọ́n á ní kí o dìde, wọ́n á ní, "Ó yá, báwo ló ṣe jẹ́?" Ìgbà yẹn lo máa tó rojọ́ tìrẹ. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán tó ń já àgbà nírọ́ lójú àlejò, ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni. Wọ́n kọ́ èmi nílé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo tiẹ̀ fi èdè òyìnbó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì náà, torí àgbà lòun náà.

Àǹtí Ṣadé bá yíjú sí obìnrin yẹn. Ó fi èdè òyìnbó sọ fún un pé, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni. Òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó ti jẹ́wọ́."

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo kàwé dé ibi tí mo fi lè gbọ́ ìyẹn. Mo fẹ́ dìde kí n sọ̀rọ̀, àfi bí mo ṣe rí i pé ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi, ó sì ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ó ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ẹ gbọ́! Ó mọ ìtumọ̀ ìkúnlẹ̀ mi dáadáa. Ó sì mọ ohun tí òyìnbó yóò rò sí i, òun ló kúkú fi yé mi.

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní òun ò ní pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ irú èmi yìí mọ́. Nígbà tí Dádì Káyọ̀ dé, ìtàn kan náà ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún un. Ọkùnrin náà ò lù mí, kò bú mi. Ó kàn gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e lọ sí apá kejì yàrá. Ì bá bú mi ì bá sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Ṣadé bá mi nídìí ìwẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọn ì bá gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ìwọ, kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ? Bá mi gbà á rù fúngbà díẹ̀. Bí ara bá ti tu Dádì Káyọ̀, màá fẹnu ara mi sọ fún un. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, o mọ̀."

Mo gbà. Èmi òmùgọ̀! Mo rò pé "fúngbà díẹ̀" ní òpin.

Ara Dádì Káyọ̀ tù, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tí a padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun ò lè máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú mi. Àǹtí Ṣadé bá mi di ẹrù. Ó bá mi dì í dáadáa, ó tiẹ̀ ká àwọn aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Káyọ̀ ń béèrè ibi tí mò ń lọ títí mo fi jáde.

Kí n tó rí yàrá tí mo lè pè ní tèmi, ọ̀rọ̀ ti délé. Dádì Káyọ̀ ti pe àwọn àna rẹ̀. Ní Ìfọ́n, wọ́n ní ọmọ Ìlobù fẹ́ ju ọmọ àwọn láti òkè. Ní Ìlobù, wọ́n ní ojúkòkòrò ìyá mi, tó fẹ́ fi ẹnu ọmọ rẹ̀ jẹ nílùú òyìnbó, ló fà á. Bàbá mi mú àwọn àgbà ilé wa méjì dání, wọ́n gba Ìfọ́n lọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna wọn. Bàbá mi, tí irun orí wọn ti funfun, da àyà délẹ̀ ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ nítorí mi. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ àyàfi bí mo bá lọ kúnlẹ̀ bẹ Àǹtí Ṣadé.

Mo pe ìyá mi. Mo sunkún nínú àgọ́ fóònù yẹn débi pé èèyàn tó wà níta ń wò mí.

"Ìyá mi, èmi kọ́ ni mo ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ gbà mí gbọ́, mà."

"Mo gbọ́."

"Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi."

"Fọwọ́ wọ́nú, ọmọ mi. Ọlọ́run ń wò. Bó pẹ́ bó yá, òótọ́ á jáde."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó dáa. Ẹni tí wọ́n pa irọ́ mọ́ ńkọ́? Kí lòun á máa jẹ fún ogún ọdún?

Mo rí iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ ni o, òtẹ́ẹ̀lì, mò ń tún yàrá ṣe. Bí mo bá bá aṣọ ọmọdé nínú yàrá tó ní bákónì, ohun àkọ́kọ́ tí màá ṣe ni kí n gbé àga jìnnà sí irin, kí n wo ìkọ́ ilẹ̀kùn bóyá ó mú. Lọ́jọ́ kan, mo bá ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sórí irin bákónì kí ọkọ rẹ̀ lè ya fọ́tò. Mo ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ èèyàn máa ń yọ̀." Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le. Ó wo ìsàlẹ̀, ó gbé ọmọ náà kalẹ̀. Kí wọ́n tó lọ sílé, ó wá mi kàn, ó fi àkàrà òyìnbó tí wọ́n dì sínú páálí lé mi lọ́wọ́. Àjẹpọ́nnulá ni mo jẹ ẹ́.

Mo ra máṣíìnì fúnra mi. Ọjọ́ tí mo gbé e wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó yí i ká. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ wá. Mo ní orúkọ ní àdúgbò yẹn, wọ́n ń pè mí ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fẹ́ kò sí níbẹ̀. Ní Ìlobù, ọmọ ará Ìfọ́n ni mí. Ní Ìfọ́n, ọmọ ará Ìlobù. Tẹ́lẹ̀, kì í dùn mí, torí mo ní ilé méjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí ìkankan nínú méjèèjì tí mo lè wọ̀ kí ọmọdé ibẹ̀ má máa nàka sí mi.

Mo pàdé Káyọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ọjà, òun àti bàbá rẹ̀. Ó ti ga. Ó rí mi, ó sáré, ó dì mọ́ mi nítan. Bàbá rẹ̀ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra ṣe é, ó sì fà á lọ. Mi ò ra ohun tí mo bá wá sọ́jà mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, ìyá mi ni mò ń bá sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn nìkan ni mo ní. Wọ́n á gbọ́ mi títí, wọ́n á ní kí n fọwọ́ wọ́nú.

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo pe Òṣogbo, ohùn ìyá mi dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, bàbá mi ló mú àwọn wá, pé bàbá mi wà níta lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní àwọn ní ìròyìn ayọ̀.

"Ṣadé ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Ó ti bí òmíràn, o gbọ́? Wọ́n tún fẹ́ lọ sinmi létí òkun. Ó ní kò sí ẹni tí ọkàn òun lè balẹ̀ lé láti mójú tó àwọn ọmọ náà bí kò ṣe ìwọ. Ọkọ ẹ̀ náà ti ní òun dárí jì ọ́."

Ẹ̀rín pa mí. "Èmi tí mo fẹ́ pa Káyọ̀?"

"Ìwọ náà ẹ̀! Ṣebí òun náà mọ̀ pé ìwọ kọ́."

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi. "Ìyá mi, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó mọ̀?"

Mo ń gbọ́ tí ọkọ̀ ń kọjá ní Òṣogbo, tí ẹnì kan ń pe oníbúrẹ́dì.

"Ìyá mi."

"Ó pè mí," ni wọ́n wí. "Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó pè síbí, ó ń sunkún. Ó ní òun lòun tú ọ̀já."

"Ṣé kí bàbá mi tó lọ sí Ìfọ́n ni?"

"Kí wọ́n tó lọ ni."

"Ẹ̀yin náà sì bá wọn lọ."

"Mo bá wọn lọ."

"Ẹ jókòó, ẹ ń wo ọkọ yín lórí ìdọ̀bálẹ̀."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ohùn wọn ti yí padà. "Bí mo bá sọ ọ́ ní Ìlobù, wọ́n á ní ṣebí àwọn ti ń sọ ọ́ pé eke ni ará Ìfọ́n. Bí mo bá sọ ọ́ ní Ìfọ́n, wọ́n á ní mo ti di ará Ìlobù, mo fẹ́ tú ilé àbúrò mi ká. Ọkọ ẹ̀ á lé e jáde. Ṣadé ò lágbára bíi tìẹ. Ìwọ, mo mọ̀ pé o máa rù ú."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, mo rò pé nípa àwọn ọ̀tá ni.

"Ìyá mi," mo ní, "ẹ̀yin ni mò ń sunkún sí létí."

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, ọmọ mi."

"Ẹ pe bàbá mi wá sídìí fóònù."

"Jọ̀ọ́. Má ṣe báyìí fún mi. Ọmọ dáadáa ni ẹ́."

"Ẹ pè wọ́n, mà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí n máa gbọ́."

Mo gbọ́ ìró bàtà. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò tíì gbọ́ ohùn yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti Ìfọ́n dé. Àwọn ni wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé ó ti gbà láti lọ?"

Ìyá mi sì dá wọn lóhùn wẹ́rẹ́, pé, "Ó ti gbà."

Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀.

Mo wá tún nọ́ńbà náà tẹ̀, ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ló gbé e.

"Ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni," ló wí. "Ṣé kí n pè wọ́n padà?"

"Rárá," mo ní. "Bàbá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni kí ẹ bá mi pè. Ẹ ní ọmọ wọn ni."